Ta ni ẹ fẹ́ kó wá kan ilẹ̀kùn yín? Ìfiwéra ọ̀nà tí ẹ lè gbà palẹ̀ ẹrù ilé mọ́

Ẹni tó ń jàpá, ẹni tó ń kó kúrò ní ilé oníyàrá mẹ́ta lọ sí oníyàrá kan, ẹni tí òbí rẹ̀ papòdà tí pálọ̀ sì kún fún àga tí kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e mọ́: ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń béèrè. Ibo ni mo ti lè rí owó tó pọ̀ jù lórí ẹrù yìí? Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà ta ẹrù ló máa yan oníbàárà fún yín. Oníbàárà yẹn ló máa pinnu bóyá owó á tẹ̀ yín lọ́wọ́, ìgbà tó máa tẹ̀ yín lọ́wọ́, àti iye wàhálà tó máa bá a wọlé. Torí náà, bí mo ṣe ń fi àwọn ọ̀nà yìí wéra, irú ènìyàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà wá sẹ́nu ọ̀nà yín ni mo máa tẹ̀ mọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹrù kan ṣoṣo, fíríìjì onílẹ̀kùn méjì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ká gbé e gba gbogbo ọ̀nà náà kọjá. Ká ní ₦200,000 ni ẹni tó ni ín fẹ́ gbà. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yẹn o, ọjà ò dúró sójú kan.

Ojúlùmọ̀: status WhatsApp àti gúrúùpù àdúgbò

Ẹ ya fọ́tò, ẹ gbé e sí status, ẹ kọ iye rẹ̀ sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti pè. Ohun tó dára níbí ni pé ẹ mọ ẹni tó ń bọ̀. Ẹ ò ní bẹ̀rù láti ṣílẹ̀kùn fún un, òun náà ò ní máa rò ó pé bóyá ẹrù olè lẹ fẹ́ tà fún òun. Tó bá jẹ́ inú gúrúùpù ẹsìtéètì lẹ gbé e sí, ẹni tó rà á lè rán ọmọkùnrin méjì kí wọ́n rù ú kọjá sí ojúlé kejì, kò sówó ọkọ̀ níbẹ̀.

Àwìn ni ìṣòro ibẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé e, tí wọ́n bá ti sanwó oṣù báyìí, màá fi ránṣẹ́." Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ òfuurufú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, báwo lẹ ṣe máa gba owó yẹn láti Manchester? Ẹ máa pè títí, fóònù á máa dún, kò ní gbé e. Ẹ ò sì ní lè bínú débi tó yẹ, torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yín ni, tí ẹ bá pariwo, ọ̀rọ̀ á dé etí gbogbo ẹbí pé ẹ ò tíì dé ìlú òyìnbó tí ẹ ti yí padà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dín owó kù fún ojúlùmọ̀, kí ẹ má sì ta àwìn fún un. Fíríìjì tí àjèjì máa san ₦200,000 lé lórí, ẹ lè gbà ₦150,000 lọ́wọ́ àbúrò yín, àmọ́ kí owó pé kí fíríìjì tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn débi tí ẹ fi lè ta àwìn fún un, ẹ kúkú ta á lọ́rẹ. Ìfẹ́ á ṣì wà, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò náà pẹ̀lú pé: "Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín." Ọ̀pọ̀ ìjà ìdílé àti ti àdúgbò ló wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní "ẹ bá mi fi í pamọ́" tí kò sì fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Àjèjì: Jiji àti Facebook Marketplace

Ọdún 2014 ni Jiji bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2019, ó ra iṣẹ́ OLX ti Nàìjíríà tí ọ̀pọ̀ wa ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ibí ni ẹ ti lè rí ₦200,000 yín gbà, bóyá kó tiẹ̀ lé díẹ̀, torí pé ẹni tó ń wá irú fíríìjì yẹn gan-an ló máa tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó rí status yín lè má nílò fíríìjì rárá, ó kàn ń ta ojú lọ ni.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa méjèèjì ni pé ilẹ̀ ọjà nìkan ni wọ́n tẹ́ fún wa. Ní ti irú ẹrù ilé báyìí, ọwọ́ sí ọwọ́ ni, kò sí ẹni tó ń bá yín di owó mú. Jiji fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń rajà pé kí wọ́n má san owó ṣáájú, kí wọ́n rí ọjà ná. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá kọ̀ láti san àsansílẹ̀, ẹ má kà á sí àfojúdi. Ẹ̀yin náà kàn ní láti rántí pé ẹni tí kò san nǹkan kan kò ní ẹ̀tọ́ kí ẹ bá a tọ́jú ọjà.

Oríṣiríṣi ènìyàn ló máa pè. Àkọ́kọ́ ni onígbólóhùn kan: "Èló ni jálẹ̀?" Kò kí yín, kò béèrè ọdún tí ẹ rà á, kò béèrè bóyá ó ń tutù. Kò sóhun tó burú nínú kí ènìyàn ná ọjà, àṣà wa ni, ẹ sì ti gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un nínú iye tí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ jálẹ̀ lórí fóònù. Iye tí ẹ bá pè lórí fóònù pé ó jẹ́ jálẹ̀ ni òun máa fi bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà tó bá dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ fi sùúrù dá a lóhùn pé: "Ẹ wá fojú rí i ná, a ó jọ sọ ọ́." Ẹni tó fẹ́ rà á máa wá. Ẹni tó kàn ń pe gbogbo ènìyàn kiri á sinmi.

Èkejì ni "mò ń bọ̀". Ó ní òun ti wà ní Ọ̀jọ́ta, ẹ ò jáde, ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò lọ sí ìnáwó, ilẹ̀ ṣú. Ẹ má dúró de ẹyọ ẹnìkan láé. Ẹ fún ẹni mẹ́ta ní àkókò kan náà, bíi aago mẹ́wàá sí méjìlá ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé àwọn mìíràn ń bọ̀. Òótọ́ lẹ sọ, ó sì máa ń mú ẹsẹ̀ yá.

Ẹ̀kẹta ló le jù lójú tèmi: ẹni tó wá tòun ti kòròpé àti ẹlẹ́rọ rẹ̀. Ẹlẹ́rọ á fi ìka tẹ rọ́bà ilẹ̀kùn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn fíríìjì, á pòṣé. "Ọ̀gá, gáàsì ẹ̀ ti ń lọ o." Ni ₦200,000 tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí bá di ₦110,000, ọkọ̀ sì ti dúró níta, onímọ́tò ń fọn fèrè. Ọgbọ́n tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé kí ẹ tan fíríìjì náà láti alẹ́ àná, kí ẹ ju píọ́ wọ́tà méjì sínú fírísà. Bí ẹlẹ́rọ bá ti pòṣé, ẹ yọ ọ̀kan jáde kí ẹ gbé e lé e lọ́wọ́ bó ṣe le gbagidi. Kò sí àlàyé tó lágbára tó ìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé NEPA lè mú iná lọ gẹ́lẹ́ tí oníbàárà bá wọlé? Ẹ ní epo nínú jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ti ya fídíò rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Àbùkù tó bá sì wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè: "rọ́bà ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ti ya díẹ̀." Àbùkù tí ẹ ti fẹnu ara yín sọ kò ṣeé fi já owó lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Wọ́n tún máa béèrè bóyá ó ń jẹ iná. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, láti ₦68 sí ₦225 fún ẹyọ kan, láti ìgbà náà ni fírísà ńlá àtijọ́ ti ń ṣòro tà fún ẹni tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ kàn dín owó rẹ̀ kù.

Nígbà tó bá wá kan owó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín gan-an. Àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé sórí fóònù kì í ṣe owó. Àwọn oníjìbìtì lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tó jọ ti bánkì yín látòkèdélẹ̀, wọ́n lè fi rìsíìtì tìránsífà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe hàn yín lórí fóònù tiwọn. Ẹ ṣí áàpù bánkì yín fúnra yín, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó san án àti lẹ́yìn tí wọ́n san án. Tí kò bá tíì yí padà, fíríìjì ò kúrò nílẹ̀, ì báà jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á lóòótọ́. Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ máa jókòó dè é. Ẹni tó bá ń pariwo pé "Mọ̀mí, ṣé olè lẹ pè mí ni?" tó sì ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n máa gbé e, ẹ pe máígàádì.

Nọ́ńbà àkáǹtì onídíjíìtì mẹ́wàá, orúkọ yín àti orúkọ bánkì yín nìkan ni ẹni tó fẹ́ sanwó nílò. Tó bá béèrè BVN, tó béèrè nọ́ńbà orí káàdì, tó ní kí ẹ ka nọ́ńbà tí bánkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín fún òun, kò bá ti fíríìjì wá. Bákan náà ni ẹni tó ní òun ti ṣèèṣì fi ₦250,000 ránṣẹ́, kí ẹ dá ₦50,000 padà kíákíá. Ẹ wo áàpù yín. Tó bá wọlé lóòótọ́, bánkì ni kó lọ bá.

Ti ààbò ilé ṣe kókó gan-an fún ẹni tó ń dá gbé. Ẹ gbé ẹrù tó bá ṣeé gbé jáde sí fàráńdà kí wọ́n tó dé. Ọ̀sán ni kí wọ́n wá, kí ẹnìkan sì wà pẹ̀lú yín. Àjèjì ò ní iṣẹ́ kankan nínú yàrá yín.

Oníṣòwò àlòkù tó ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Àwọn wọ̀nyí wà káàkiri Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ pè wọ́n, wọ́n wá tọkọ̀tọkọ̀, wọ́n wo gbogbo ilé, wọ́n pe iye kan. Iye yẹn máa dùn yín. Fíríìjì ₦200,000 lè di ₦90,000. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà wọn díẹ̀: òun ló ń sanwó ọkọ̀, owó àwọn agbérù, owó àtúnṣe, owó ṣọ́ọ̀bù, ó sì lè gbé ẹrù yẹn tira fún oṣù mẹ́ta kó tó rí ẹni rà á. Ohun tó ń tà fún yín ni àkókò. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan péré kó tó kó kúrò máa mọ iyì ohun tó rà.

Oníbàárà tó le ni lọ́nà tirẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Á gba fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti éasì (ẹ̀rọ amúlétutù), á ní òun máa padà wá kó kọ́bọ́ọ̀dù àti àga lọ́la. Kò ní padà wá. Ẹ ti máa sọ ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkankan pé gbogbo rẹ̀ ló máa kó lónìí, tàbí kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pe ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n má sì pàdé ara wọn, torí pé àwọn mìíràn máa ń jọ sọ iye tí kò sẹ́ni tó máa kọjá rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má sọ ọjọ́ ìrìn àjò yín fún wọn. Bí oníṣòwò bá ti mọ̀ pé ọjọ́bọ̀ lẹ ń lọ, á fi ẹ̀rín sí i, á ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́rú.

Oníkóńdémù

Tí fíríìjì náà bá ti kú tí ẹlẹ́rọ sì ti gba kámú, ẹ gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láàárọ̀: kóńdémù áyọ́ọ̀nù, kóńdémù bátìrì, kóńdémù fíríìjì. Màálàm á gbé ọmọlanke rẹ̀ dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, á yọ òṣùwọ̀n onírin tí wọ́n ń fi kọ́ ẹrù jáde, á so okùn mọ́ ẹ̀rọ ẹ̀yìn fíríìjì náà, ọmọ rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ láti gbé e sókè, ọwọ́ òṣùwọ̀n á máa gbọ̀n rìrì kó tó dúró. Ibi tó bá dúró lẹ jọ máa wò. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti ń sọ bọ̀, òun ni wàhálà rẹ̀ kéré jù. Owó lọ́wọ́ ni, kò ní pè yín padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní sọ pé kò tutù.

Owó náà kéré ni ṣá, ṣùgbọ́n ó lè sàn díẹ̀ sí i. Irin, bàbà, idẹ àti alumíníọ̀mù, iye wọn lórí kílò kan yàtọ̀ síra púpọ̀, bàbà ló sì wọ́n jù nínú wọn. Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye irin ló máa san lé gbogbo rẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ́ àpò ìrẹsì kílò mẹ́wàá tí ẹ ò tíì já sí i ná. Ó pọ̀ nínú ẹrù yìí tó ń dé Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kó tó di pé ilé iṣẹ́ yọ́ irin rẹ̀.

Ibì kan wà níbí tí ọkàn mi ò ti balẹ̀. Àwọn tó ń tú ẹrù oníná máa ń dáná sun wáyà kí rọ́bà ara rẹ̀ lè yọ́ kúrò lára bàbà, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Ọ̀pọ̀ bátìrì ínfátà àti ti mọ́tò ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí àlòkù ẹrù oníná láti ọdún 2011, NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, ló sì ń mójú tó o. Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́wọ́ ara yín ni pé kí ẹ dá bátìrì àtijọ́ padà fún ẹni tí ẹ fẹ́ ra tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà á, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tuntun. Ẹ má da omi inú bátìrì sí gọ́tà kí ó lè fúyẹ́. Àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀.

Kí ẹ fi tọrẹ

Ìfitọrẹ náà ní oníbàárà tó le o. Ẹni tí ẹ fún ní fíríìjì lọ́fẹ̀ẹ́ lè ní kí ẹ bá òun sanwó ọkọ̀ dé Ṣàgámù. Ẹlòmíràn á gbà á, á fi sílẹ̀ nínú ilé yín fún oṣù kan. Bí ẹ bá sì sọ ọ́ nínú gúrúùpù ẹbí pé "ẹ wá mú ohun tó bá wù yín", ìjà lẹ pè yẹn. Ẹ pe ẹnìkan lórúkọ, ẹ sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ fún un, ẹ dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ gbé e. Ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ilé àti máígàádì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò, torí pé wọ́n mọ ẹrù náà, wọ́n sì ti bá yín tọ́jú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, ẹ pè kí ẹ tó gbé nǹkan lọ, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Fóòmù tó mọ́, ìwé, àwo oúnjẹ, aṣọ tó ṣeé wọ̀ jáde. Ohun tí ẹ ò lè fún ọmọ yín, ẹ má gbé e lọ bá ọmọ tí kò lóbìí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àpò àkísà tí ènìyàn gbé síwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ tó sì ń retí àdúrà.

Ẹrù kọ̀ọ̀kan àti ibi tó yẹ ẹ́

Fíríìjì, éasì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ tọ́ sí Jiji tàbí Marketplace, tí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí ọjọ́ bá ti kù díẹ̀, ẹ pe oníṣòwò.

Jẹnẹrétọ̀ ò ní owó bíi tàtijọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wá sólà. Ẹ tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá pe iye tó ní láárí.

Bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù onígi máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá tú u tí wọ́n tún kàn án, nítorí náà aládùúgbò ló dára jù fún un. Fóòmù àlòkù, ẹ fi tọrẹ, ìwọ̀nba ènìyàn ló máa rà á.

Fóònù àti laptop ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ lè gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n á rà á tàbí kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, iye rẹ̀ á kéré sí ti Jiji. Ibi yòówù kí ẹ gbé e gbà, ẹ yọ síìmù, ẹ yọ àkáǹtì Google tàbí iCloud yín kúrò, kí ẹ tó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Síìmù inú MiFi náà ńkọ́? Ẹ yọ òun náà, NIN yín ló wà lára rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá fi ṣe, orúkọ yín ló máa jáde.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tó bá wọ́n. Ọlọ́pàá lè dá kòròpé tó gbé fíríìjì dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n béèrè rìsíìtì, oníbàárà tó mọ ohun tó ń ṣe kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ yín láìgba ìwé. Tí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan: orúkọ ẹni tó tà àti ẹni tó rà, nọ́ńbà fóònù wọn, irú ẹrù, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà, iye, ọjọ́, pẹ̀lú gbólóhùn pé ẹni tó rà á ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé yìí lẹ máa fi dá ẹni tó bá pè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ lóhùn, tó ní fíríìjì ò tutù mọ́, kí ẹ dá owó òun padà.

Ní ẹsìtéètì, ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ géètì láti àárọ̀ pé ẹrù kan máa jáde, kí ẹ fún wọn ní ẹ̀dà ìwé náà tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi tó onílé náà létí, kó má baà rò pé ẹ fẹ́ fi owó ilé sá lọ. Tí kòròpé bá ti wọlé tí owó sì ti wọ àkáǹtì, kò ní sí ohun tó máa dá a dúró.